Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Àárín Jí

"Sùn díẹ̀," Ọ̀gá Láṣebìkan, olórí ilé tí wọ́n ti ń dán ọwọ́ awakọ̀ wò, rọra sọ ọ́ sí Abọ́sẹ̀dé létí, bí ẹni ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ tó kọ ẹ̀kọ mímu. "Lónìí nìkan ṣoṣo. Gbìtẹ́ ọmọ mi ni yóò jókòó sórí àga yẹn kí oòrùn tó dé àtàrí."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà ọyẹ́, sà. Lónìí nìkan ṣoṣo."

"Ṣé ó wá burú kéèyàn sùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún?"

Abọ́sẹ̀dé ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ihò ẹ̀rọ. Ihò náà tutù bí imú ajá. Ó dúró, ó dúró, àfi tó! Nǹkan kan ta á ní orí àtàǹpàkò, bí ìgbà tí tata bá fò báni lọ́wọ́, agogo kékeré inú ẹ̀rọ sì dún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí òfin ní kó ṣe kò ju pé kó tẹ bọ́tìnnì ní kété tó bá ti mọ̀ ọ́n lára.

Ó mọ̀ ọ́n lára. Àfi bí ẹni pé àtàǹpàkò náà ti mọ̀ láti ìjẹta. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé wo òkè, ó ka igi àjà kan, ó ka èkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ bọ́tìnnì bí arúgbó tó ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ ibùsùn.

"Ogójì ẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá," ni ẹ̀rọ wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tó jọ pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé. "A ti gba òdiwọ̀n tòní. Ọwọ́ Àárín, ẹ ṣeun." Abọ́sẹ̀dé ni Ọwọ́ Àárín: ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń wọn ti gbogbo ẹni tó bá jókòó lọ́jọ́ náà, bí tirẹ̀ bá sì pẹ́, ti ẹlòmíràn á dà bíi pé ó yá.

"O káre," Ọ̀gá Láṣebìkan wí. Ó fọwọ́ síwèé pé ojú òun ló ṣe, ó fi ìka kan lu Abọ́sẹ̀dé léjìká bí ẹni ń lu ẹṣin, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀.

Ìbínú tó wà nínú Abọ́sẹ̀dé kì í ṣe èyí tó ń pariwo. Ó ti wà lórí iná láti ìgbà ọyẹ́, ó ń hó, kò sì sẹ́ni tó ṣí ideri ìkòkò. Nígbà ọyẹ́ yẹn, wọ́n ní kó sùn díẹ̀, ó sì sùn. Ọmọ olóyè kan tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo bí ọlọ wá dà bí mànàmáná lójú ẹ̀rọ, iná wúrà tàn fún un, wọ́n sì fún un ní ọkọ̀ ojú omi Ọ̀sà Tuntun wà. Ọjọ́ kẹfà ló fi orí ọkọ̀ gún òpó èbúté. Èrò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló bá a lọ. Ìyá Abọ́sẹ̀dé wà nínú wọn, ó gbé abọ́ ẹ̀wà tó fẹ́ gbé fún ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ dání. Wọ́n rí abọ́ náà.

Láti ìgbà tí kùrukùru ti bo ọ̀sà tí kò sì kúrò mọ́, ojú kò wúlò fún awakọ̀. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń wà á. Bí òkúta bá wà lápá òsì, ìbọ̀wọ́ a ta ìka òsì; bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, a ta àtàǹpàkò. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá dáhùn kíákíá, ó gúnlẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ẹja gbàlejò. Àwọn àgbà sì ti rí i tipẹ́tipẹ́ pé kò sí ọwọ́ tó yá tó ọwọ́ ẹni tó mọ ohun-èlò orin í lò, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń fi ìka àti etí ṣiṣẹ́ pọ̀ máa ń sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́gbọ́n á ní, ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́ gbogbo ọmọ ìlú lórin. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́wọ́-Wúrà, tí iṣẹ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, sáré lọ ṣòfin pé orin di ti ẹni tó bá ní báàjì, àwọn nìkan ló sì ń fún ara wọn ní báàjì. Gbogbo ohun-èlò tó kù nílùú, katakata ló gun orí wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ etí tí ń ṣọ́ orin sára òpó iná gbogbo àdúgbò. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan rí nítorí pé ó súfèé pe ajá rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ọwọ́ yíyá tí kò ní báàjì, wọn a dé e ní fìlà. Fìlà òjé kékeré méjì, ọ̀kan lórí àtàǹpàkò ọ̀tún, ọ̀kan lórí tòsì, abẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí ń pa iṣan ìka. Bàbá Abọ́sẹ̀dé, tó jẹ́ aláàgídìgbo tí gbogbo èbúté mọ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Láti ọjọ́ náà, àpótí ẹja ló ń kàn.

Nígbà tó kan Abọ́sẹ̀dé láti wá dán ọwọ́ wò, bí òfin ṣe ní kí gbogbo ará ìlú máa ṣe, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó ka igi àjà kan kó tó tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n má baà dé òun náà. Iná funfun tàn fún un. Àṣé Ọwọ́ Àárín ìgbà náà ti kú sórí àga láti òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fura fún wákàtí kan gbáko. Òfin sì sọ pé bí Ọwọ́ Àárín bá ṣubú, ẹni tó gba òǹtẹ̀ funfun kẹ́yìn ni yóò rọ́pò rẹ̀ títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó. Ọdún kọkànlá rèé, ìgbìmọ̀ kò tíì rí àga. Bí ẹni tó ń fi irọ́ sá fún ẹ̀rọ ṣe di ẹni tí ẹ̀rọ fi ń wọn òtítọ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kò pè é lórúkọ mọ́. Ọlọ́wọ́ Ìgbín ló ń pè é.

"Ẹ gbọ́ o," Abọ́sẹ̀dé pariwo sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ ó fọwọ́ bà á lẹ́ẹ̀kan fún ìdánrawò, ẹ ó fọwọ́ bà á lẹ́ẹ̀kejì fún òǹtẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá ti lù, ọwọ́ yẹn kò ní wọnú ẹ̀rọ mọ́ títí ọdún yóò fi yí po. Bí iná bá funfun, ọwọ́ gbogbo ayé lẹ ní, ẹ máa lọ sílé. Bó bá jẹ́ wúrà, ọwọ́ yín yá, ẹ sì ní báàjì, ẹ lọ gbọkọ̀. Bó bá pọ́n, ọwọ́ yín yá láìní báàjì, ẹ má sáré, ilẹ̀kùn ti tì. Bó bá dúdú, ẹ pe ará ilé yín."

"Dúdú ńkọ́, kí ló túmọ̀ sí?" ìyá kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé béèrè.

"Pé ọwọ́ yín ti kú, mà."

"Ó ti rọ̀ wá lọ́rùn," ìyá náà wí. "Wọn ò tún ní í rán mi níṣẹ́ mọ́."

Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì kan jókòó, ó gba funfun, ó lọ. Ẹni tó tẹ̀lé e ni ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún méjìlélógún, tó ń run ẹja yíyan, tó gbé àpótí ẹja òfìfo kan mọ́ ikùn bí ẹni gbé ọmọ. Ó rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Abọ́sẹ̀dé rí igun àpótí náà: ìṣó mẹ́ta lórí ìlà kan, àyè ìṣó kẹrin ṣófo. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni. Kò yà á lẹ́nu, ta ni kì í ra àpótí lọ́wọ́ bàbá.

"Orúkọ?"

"Àjọkẹ́ ni, mà."

"Báàjì orin?"

"Kò sí, mà."

"O ti lo ohun-èlò orin kankan rí?"

"Mi ò gbọ́ orin rí láyé mi, mà. Àfi tẹ́ ẹ bá ka ìyá mi àgbà tó máa ń hanrun."

Bẹ́ǹṣì tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Kí Àjọkẹ́ tó ki ọwọ́ bọ ihò, ìka tí wọ́n ń wọ òrùka sí, tí kò sí òrùka kankan níbẹ̀, kan apá àga náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kó, kó, kó. Ó gbé e sókè fún ẹ̀kẹrin. Kò jẹ́ kó balẹ̀.

Orí Abọ́sẹ̀dé wú. Bí aláàgídìgbo bá ń fi àtàǹpàkò ta irin, òrùka ìka rẹ̀ ló máa ń fi kan ara àpótí láti di ìlù mú. Olúkúlùkù ló sì ní bó ṣe ń kàn án. Ẹnì kan ṣoṣo nílé ayé ló máa ń kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì ń fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀. "Ẹ̀kẹrin kì í ṣe tèmi," bàbá rẹ̀ máa ń wí. "Ẹsẹ̀ oníjó ló ni ín."

Àgbà yìí, àgbà tí ìka rẹ̀ ti kú! Báwo ló ṣe ń kọ́ni?

Kó tó ronú débì kan, ẹ̀rọ ti ta Àjọkẹ́ níka. Abọ́sẹ̀dé wo ètè ọmọ náà, ó rí i tó ń mì: ó ń kà. Wọ́n ti kọ́ ọ kó pẹ́ díẹ̀, bí òun náà ṣe pẹ́ lọ́jọ́ sí. Ó tẹ bọ́tìnnì.

"Ogún ẹ̀rún," ni ẹ̀rọ wí.

Ogún ló yẹ kó jẹ́! Lójoojúmọ́ ayé, ogún ni Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, iná ì bá sì funfun bí ẹyin lékèélékèé. Ṣùgbọ́n òní kì í ṣe ojoojúmọ́ ayé. Lónìí, Ọwọ́ Àárín sùn nítorí Gbìtẹ́.

"Ìdajì ọwọ́ àárín," ẹ̀rọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ tìdùnnú-tìdùnnú. "Kò sí báàjì. Ẹ kú oríire, ẹ ti mú olè."

Iná pọ́n. Ẹ̀wọ̀n kékeré kan jáde lára àga, ó di Àjọkẹ́ lọ́rùn ọwọ́. Àwọn ará bẹ́ǹṣì kó ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀gá Láṣebìkan jáde sí wọn, ó gbé páálí fìlà lábẹ́ apá bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìsọmọlórúkọ.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kí ni, sà?"

"Orin."

"Sà, mi ò gbọ́ orin..."

"Bí fìlà bá wọlé tán, ẹnu máa ń ṣí." Ó ṣí páálí. Òjé méjì ń dán nínú òwú. "Bí ẹni tó kọ́ ọ bá sì jẹ́ ẹni tá a ti dé tẹ́lẹ̀, dé ìgúnpá la ó dé e lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dúró ẹ wò ó, gbogbo yín. Ọmọ tálákà kan jókòó, ó ní òun fẹ́ ní ọwọ́ ju ọmọ èèyàn lọ."

"Ìfọwọ́bà nìyẹn, sà," Abọ́sẹ̀dé wí. Ohùn rẹ̀ jáde bí omi tútù, ó ya òun alára lẹ́nu. "Kò tíì gba òǹtẹ̀."

"Mo mọ̀. Ó máa gbà á báyìí. Fún ẹni tí iná bá pọ́n fún, ìta mẹ́ta ni, láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ a sì mú èyí tó yá jù." Ó rẹ́rìn-ín sí Àjọkẹ́. "Ẹni tó bá ń ka nǹkan sínú, ká wo bó ṣe máa kà á."

Àjọkẹ́ wo Abọ́sẹ̀dé. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn wò ó, bí èèyàn ṣe ń wo ilé tí iná ń jó nínú rẹ̀ láti orí omi.

"Òfin ní ká tún òdiwọ̀n gbà lójú gbogbo èèyàn kí pupa tó gba òǹtẹ̀," Abọ́sẹ̀dé wí.

"Òun ni kó o ṣe." Ọ̀gá Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. Ẹnu rẹ̀ ń run súìtì míǹtì. "Sùn dáadáa lọ́tẹ̀ yìí o. Ẹ̀yìn ọmọ yìí ni Gbìtẹ́ kàn, mo ti sọ fún àwọn ará ọkọ̀ pé ọ̀la ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà èbúté yẹn náà ni wọ́n fún un."

Ọ̀nà èbúté yẹn náà.

Abọ́sẹ̀dé ki ọwọ́ bọ ihò kejì tó jẹ́ ti Ọwọ́ Àárín. Bó bá sùn, wọ́n á dé ọmọ yìí, ọmọ yìí á dárúkọ bàbá, wọ́n á dé bàbá dé ìgúnpá, Gbìtẹ́ á sì wa èrò lọ bá ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Bó bá tẹ ogún rẹ̀ ojoojúmọ́, ẹ̀rù ti ba ọmọ náà, kò ní í lè kà mọ́, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni yóò dáhùn, pupa náà ni. Ohun kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ohun náà sì ni fìlà wà fún. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi irọ́ ṣọ́ wọn, bí ẹni tó ra aṣọ olówó iyebíye tí kò wọ̀ ọ́ rí, tí kòkòrò ń jẹ ẹ́ nínú àpótí.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Gbìtẹ́ Láṣebìkan ló wọlé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, báàjì wúrà lọ́rùn ọwọ́, fèrè idẹ ńlá lẹ́nu. Ó ń fun ún bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé orin wo ni. Bí wọ́n bá ń fi ewúrẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà tó há, tí ewúrẹ́ náà sì kọ̀, ohun tí ẹ ó gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní báàjì, etí-òpó kò sì gbọdọ̀ dún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi!" Ọ̀gá Láṣebìkan yíjú, ó na apá.

Tó.

Abọ́sẹ̀dé kò wo àjà.

"Ẹ̀rún mẹ́sàn-án," ni ẹ̀rọ wí. "A ti gba òdiwọ̀n." Fèrè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìyá onígèlè aláwọ̀ ewé nìkan ló wà nítòsí tó gbọ́. Ìyá náà wo Abọ́sẹ̀dé, ó wo ẹ̀rọ, ó fi etí gèlè nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún Gbìtẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀. "Fun ún, ọmọ mi! Fun ún síi! Ẹ̀yin ará bẹ́ǹṣì, ẹ ò mọ nǹkan tó dáa ni?" Gbogbo bẹ́ǹṣì bá a pàtẹ́wọ́. Orí Gbìtẹ́ wú, ó fun ún síi.

Lábẹ́ ariwo yẹn ni ẹ̀rọ fi ta Àjọkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ náà kò kà. Ó ti di ojú.

Iná funfun. Òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀: gbà! Ẹ̀wọ̀n tú.

Ọ̀gá Láṣebìkan yíjú padà, fìlà òjé wà láàárín ìka rẹ̀ méjì. "Funfun? Ẹ̀rún mélòó?"

"Ẹ̀rún mẹ́wàá," ni ẹ̀rọ wí. "Ọwọ́ gbogbo ayé. Ẹ máa lọ sílé, ẹ kí wọn."

"Ẹ̀rún mẹ́wàá, funfun? Nǹkan ti ṣe ẹ̀rọ yìí."

"Dádì, ẹ jẹ́ n jókòó, wọ́n ń dúró dè mí," Gbìtẹ́ wí. Ó ti gun àga, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ìfọwọ́bà ni wàá kọ́kọ́..." Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ Ọlọ́wọ́-Wúrà kì í fọwọ́ bà á. Òǹtẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi tààrà."

"Gbìtẹ́, dúró ná..." bàbá rẹ̀ kígbe.

Tó. Gbìtẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún ẹnu fèrè ṣe, ó rántí, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni ẹ̀rọ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó wá kí wọn nílé ọ̀fọ̀. "Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta ọwọ́ àárín. Ọwọ́ yìí ti kú. Ẹ gba ìkẹ́dùn wa."

Iná dúdú. Gbà!

Ọ̀gá Láṣebìkan ti ọmọ rẹ̀ kúrò lórí àga. "Irọ́ ni! Ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹ wò ó!" Ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Ẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì. Ọwọ́ yìí ti kú tipẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ tètè sin ín." Gbà!

Ìyá onígèlè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bẹ́ǹṣì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ògiri mì. Gbìtẹ́ gbé fèrè rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tí wọ́n já oyin gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ń kọ òdiwọ̀n sí. Ó kà á. Ó tún un kà. Nígbà tó gbé orí sókè, ẹ̀rín bẹ́ǹṣì kú bí àtùpà tí wọ́n fẹ́ pa.

"Mẹ́sàn-án," ó wí. "Bọ́sẹ̀. Ìwọ."

"Èmi ni, sà."

"Ọdún mọ́kànlá!"

"Ọdún mọ́kànlá, sà. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ sì fọwọ́ síwèé pé ojú yín ló ṣe."

"Mo ní kó o sùn!"

"Ẹ ní kí n sùn, mo sùn, ìyá mi kú." Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́. Ideri ti ṣí lórí ìkòkò. "Èrò mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yin lẹ ní kí n sùn. Ẹ sin wọ́n, ẹ kí mi kú ọ̀fọ̀, ẹ tún wá bá mi létí lónìí pé kí n sùn díẹ̀. Mo ti jí. Òun náà nìyẹn."

Ọ̀gá Láṣebìkan mú ìwé Àjọkẹ́, ó fẹ́ fà á ya.

"Ẹ lè fà á ya," Abọ́sẹ̀dé wí, "ó ti wà nínú ẹ̀rọ. Òfin ní ọwọ́ tó bá ti gba òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ títí ọdún yóò fi yí po. Àbí ẹ ti gbàgbé ẹni tó ṣe é? Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ọwọ́ àwọn ọmọ yín yẹ̀ wò. Ẹ wá gbádùn rẹ̀. Gbìtẹ́ kò lè wakọ̀ títí di ìwòyí àmọ́dún."

"Ta ló kọ́ ọ lórin?"

"Ìyá mi ni. Ẹ lọ dé e ní fìlà. Ẹ mọ ibi tó wà."

Ó jókòó sórí àga fúnra rẹ̀. Ó na àtàǹpàkò méjèèjì sí i. Ọ̀gá Láṣebìkan ṣi fìlà kìíní wọ̀ ọ́ nígbà méjì, Abọ́sẹ̀dé sì di ọwọ́ rẹ̀ mú fún un kó lè ṣe é dáadáa. Kò dùn ún bó ṣe rò. Ó kàn dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá jáde nílé tó sì pa ilẹ̀kùn dé láìdágbére. Lẹ́yìn náà, ìkejì.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó délé. Bàbá rẹ̀ wà nínú ọgbà láàárín àpótí ẹja, ó ń fi ìka mẹ́rin di òòlù mú, ó ń kan ìṣó, fìlà òjé tirẹ̀ ti dúdú látọjọ́.

"Ọlọ́wọ́ Ìgbín, o tètè dé lónìí," ó wí láìgbójú sókè. "Ṣé wọ́n ti wọn gbogbo ayé tán?"

Abọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ó tẹjú mọ́ òjé tuntun méjì náà.

"Mẹ́sàn-án ni mo tẹ̀," Abọ́sẹ̀dé wí.

"Mẹ́sàn-án," bàbá tún un wí. Lẹ́yìn náà: "Mẹ́jọ lo máa ń tẹ̀ ní kékeré. Iṣẹ́ ìjọba ti bà ọ́ jẹ́."

Ẹ̀rín ni Abọ́sẹ̀dé fẹ́ rín, ẹkún ló jáde, ìbínú sì gba ẹkún náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn? Ìka yín ti kú. Etí wà lórí òpó. Báwo?"

Bàbá dìde. Ó fa àpótí ẹja kan jáde lábẹ́ àwọn yòókù, ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Abẹ ayùn márùn-ún wà níbẹ̀ ní títò, wọ́n fi aṣọ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà dún. Ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ mọ́ ikùn, ó so okùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ẹni ń pọn ọmọ, ó sì fi oríkèé ìka ta irin tó tóbi jù.

Etí Abọ́sẹ̀dé kò gbọ́ nǹkan kan. Òpó iná tó wà lójúde kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wọlé láti ìdodo, ó gun egungun ìhà, ó dé ọ̀fun. Bàbá ta ìkejì, ìkẹta. Orin tó ti mọ̀ láti kékeré ni, ó sì ń gbọ́ ọ gbogbo rẹ̀ láìsí ohùn.

"Wọ́n ṣòfin ìka," bàbá wí, "wọ́n ṣòfin etí. Wọ́n gbàgbé ikùn. Ẹni tó yó kì í rántí rẹ̀."

Ẹnu ọ̀nà ọgbà dún. Àjọkẹ́ ló wọlé, ó ń mí gúlegúle, ó gbé àpótí rẹ̀ mọ́ ikùn. Nígbà tó rí fìlà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé, ó kúnlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan ló gbé e wá. Ó na ìwé kan jáde, òǹtẹ̀ kò tíì gbẹ lórí rẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n lé mi bá," ó wí. "Wọ́n ní Ọwọ́ Àárín ti ṣubú. Wọ́n ní òfin sọ pé ẹni tó gba funfun kẹ́yìn ni." Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọ̀dọ̀ ọmọ. "Èmi ni. Láàárọ̀ ọ̀la. Àwọn ọmọ Ọlọ́wọ́-Wúrà méje ló ń bọ̀ wá gba ọkọ̀. Ọ̀gá yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀ létí, ó ní kí n..."

"Mo mọ ohun tó ní kó o ṣe," Abọ́sẹ̀dé wí.

Ó gbé ìka tí wọ́n ń wọ òrùka sí. Ìyẹn ṣì wà láàyè. Ó fi kan ara àpótí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kíkankíkan: kó, kó, kó. Ó gbé e sókè, ó sì dá a dúró.

"Má sùn," ó wí.

Ẹsẹ̀ Àjọkẹ́ ló lu ẹ̀kẹrin mọ́lẹ̀.